Ilé Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò Kí A Tó Gbé Ikùn Fún Ọ̀bẹ

Ní ilẹ̀ Orígbó, láti Ìpetumodù dé Mọ́rọ̀, láti Aṣípa dé Yákòóyọ̀, àti ní Ẹdúnàbọ̀n tiwa yìí tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́, ó ti pẹ́ tí ojú ti ń fi ara ènìyàn wọn ọlá rẹ̀: bí ọkùnrin bá yọ ikùn, a ní owó ti ń bá a gbé, bí ọrùn obìnrin bá ṣẹ́ ìpele méjì mẹ́ta, a ní ọkọ rẹ̀ mọ ìtọ́jú, a sì ń bá ìyá rẹ̀ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rù láàárín ọdún kan, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a fi ń bèèrè irú àìsàn tí ó wọ ilé tọ̀ ọ́ wá. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa kan ti ń gba ọ̀nà iṣẹ́ abẹ lọ nísinsìnyí láti mú ara wọn fúyẹ́. Àwọn kan ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ń gbé, àwọn kan ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí India tàbí Turkey nítorí pé wọ́n gbọ́ pé owó rẹ̀ rọjú níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ṣe é ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó àti Àbújá. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú ohun tí mo ń rí àti ohun tí mo ń gbọ́, owó ni púpọ̀ nínú wọn ń wá kí wọ́n tó lọ, wọn kì í wá ilé tí wọn yóò padà sí.

Kí n tó lọ jìnnà, n kò sí lára àwọn tí ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ tàbí ní wọ̀bìà tí kò lè kó ẹnu ara rẹ̀ níjàánu. Ẹni tí eékún rẹ̀ ti ń dún nígbà tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, tí ẹ̀mí rẹ̀ ń há lójú oorun, tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti jùmọ̀ sọ ọ́ di oníbàárà oníkẹ́míìsì, tí ó ti gbààwẹ̀, tí ó ti rìn, tí ó ti mu oríṣiríṣi àgbo, tí ara rẹ̀ dín kù ní oṣù mẹ́ta tí ó sì tún padà wá ní oṣù mẹ́fà, ẹni bẹ́ẹ̀ ti jìyà tó. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà ń lò: wọn a sọ gíga ènìyàn ní mítà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wọn a sì fi èyí tí ó bá jáde pín ìwọ̀n kílò ara ẹni náà. Láti 1991 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá dé 40, tàbí tí ó dé 35 tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ sì wà lára rẹ̀, ni iṣẹ́ abẹ yìí tọ́ sí. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ náà fúnra wọn sọ ọ́ kalẹ̀ sí 35 láìwo àìsàn mìíràn mọ́. Obìnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, tí ó bá wọn kílò 103, ti kọjá 40. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, a kàn ń pè é ní olówó ni.

Ohun kan wà tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú lẹ́nu àwọn ènìyàn, mo sì fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kíákíá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2005, ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè wa ìgbà náà, Olóyè Stella Ọbásanjọ́, kú ní ilẹ̀ Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a fi ń fa ọ̀rá kúrò ní ikùn, nígbà tí ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kò sì lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá fífà jẹ́ iṣẹ́ ẹwà, kò wo àtọ̀gbẹ, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tún sanra. Iṣẹ́ abẹ tí mo ń sọ wọ inú àpòlúkù gan-an lọ, àìsàn ni a sì ń torí rẹ̀ ṣe é. Oríṣi rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni èyí tí wọ́n ti ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù sọnù, tí èyí tí ó kù a sì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Òmíràn tún wà, èyí tí Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Iowa ní 1966: wọn a ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọn a sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, tí oúnjẹ a fi ọ̀nà ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ gba ọ̀nà àbùjá. Ní Sweden, láti 1987 ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn ènìyàn tí ó lé ní ẹgbàajì, àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2007, ikú dín kù láàárín àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìwé kan náà fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kìíní, ara púpọ̀ nínú wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dúró lé gan-an nìyẹn.

Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ni iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ọjọ́ díẹ̀ ni aláìsàn ń lò lórí ibùsùn, lẹ́yìn náà ni a ó dá a padà sí ọwọ́ ilé rẹ̀, sí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àna rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjọ rẹ̀, àti sí ọwọ́ oníkẹ́míìsì tí ó wà ní ìkángun àdúgbò. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ni kì í sọ fún ilé rárá, wọn a lọ ní bòókẹ́lẹ́, wọn a bọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ilé tí kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò lè mọ ohun tí kò yẹ kí òun ṣe. Mo gbà pé àṣírí ara ẹni jẹ́ ti ẹni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń dáná fún ọ kò sí lára àwọn tí o lè fi irú àṣírí yìí pamọ́ fún.

Nítorí inú ìkòkò ni ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ifẹ̀ ni àwa, Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti mọ́ wá, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ iyán; bí odó bá dún ní ìrọ̀lẹ́, ara ilé a yá gágá. Òkèlè ni à ń jẹ, òkèlè ni a sì ti ń kọ́ ọmọ wa láti kékeré pé a kì í rún un: bí o bá ti bù ú, tí o ti fi kan ọbẹ̀, kí o dá a mì ni, ẹni tí ó bá sì ń rún iyán lẹ́nu, a ó máa wò ó bí àlejò. Àpòlúkù tuntun yìí kò lè gba irú òkèlè bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá tíì di omi lẹ́nu a há sí ojú ọ̀nà, àyà a dun ènìyàn wìrì, itọ́ a kún ẹnu rẹ̀, ìgbà tí ó bá bì í jáde ni yóò tó gbádùn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni àwọn àgbà wí. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé rírún oúnjẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ó ti máa fi kọ́ra kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, lẹ́ẹ̀ẹ̀marùndínlógún tàbí ogún fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwo kékeré àti ṣíbí kékeré, títí tí yóò fi di bárakú. Nítorí ohun tí ènìyàn ti ṣe láti ogójì ọdún kì í yí padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nítorí pé wọ́n rán ikùn rẹ̀. Bákan náà ni omi: ẹ̀kọ́ tuntun ni pé a kò ní mu omi mọ́ oúnjẹ, a ó dúró tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí a bá jẹun tán kí a tó mu ún, a ó sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ títí yóò fi tó lítà kan àbọ̀ lójúmọ́. Kò sí dídá ife omi tútù mì ní ìdánwọ́ kan nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà mọ́.

A máa ń wí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ̀kọ tí àwọn baba wa tì sẹ́yìn yìí ni yóò wá jókòó síwájú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun mímu nìkan ni: omi, omi ọbẹ̀ tí a ti sẹ́, lẹ́yìn náà ògì tí kò ki tí a fi mílíìkì tàbí omi ẹ̀wà sóyà là. Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná tí kò ní èèpo, bí gbẹ̀gìrì tí ata rẹ̀ kò pọ̀, àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ tí a sì gún. Lẹ́yìn oṣù kan, ohun rírọ̀, bí mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, wàrà. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ kí ó tó máa padà sí oúnjẹ ilé díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yìí àti títí ayé rẹ̀, oúnjẹ amúaradàgbà ni yóò máa kọ́kọ́ jẹ, tí yóò fi tó ọgọ́ta gíráàmù ó kéré tán lójúmọ́, kí ẹran ara rẹ̀ má baà bá ọ̀rá lọ. Ẹ wo bí èyí ti dojú àwo wa délẹ̀! Ní ilé wa, òkèlè ni a ń bù tó orí ọmọ, ẹja ni a ń gé wẹ́wẹ́, baba ilé sì ni a ń gbé èyí tí ó tóbi jù fún. Bí aya tàbí ọkọ tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ bá wá ń jẹ ẹja àti ẹ̀wà kí ó tó fọwọ́ kan ọkà, àwọn ará ilé tí kò mọ̀dí yóò ní ó ti ya ọ̀kánjúwà. Owó ọbẹ̀ pẹ̀lú yóò yí padà, ẹni tí kò bá sì ṣírò rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ abẹ kò tíì parí ìṣirò rẹ̀.

Èyí tí ó le jù lójú mi ni ìfẹ́ àwọn ènìyàn wa. Inú rere ni Yorùbá fi ń bọ́ni, a kì í wọ ilé ẹni kí á jáde láìfẹnu kan nǹkan, ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ wa, ó kọ àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin ìlú yìí kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé fún òkú àgbà, tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin: ìyá ọkọ rẹ̀ yóò gúnyán fún un, àbúrò bàbá rẹ̀ yóò ní kí ó wá jẹ ìrẹsì, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kó mínírà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ó bá sì ti ń mi orí ni wọn yóò máa wí pé, "Àńtí, ẹ jẹ́ẹ o, ẹ ti rù jù, ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ lọ́hùn-ún ni?" Mínírà yẹn nìkan, pẹ̀lú ṣúgà inú rẹ̀, lè já bọ́ sínú ìfun ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀nà àbùjá fún, kí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, kí òógùn bò ó, kí ojú rẹ̀ ṣú, kí inú sì yí i wọ ilé ìyàgbẹ́ lójú gbogbo àwọn tí ó wá kí i. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yan ẹnì kan nínú ẹbí, àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta létí ará ilé, kí ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún un ṣáájú, kí ẹni náà jẹ́ agbẹnusọ rẹ̀ níbi gbogbo. "Dókítà ló ní kí ó má jẹ ẹ́" lẹ́nu ìyá àgbà kan yóò ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ́nu ọmọ kò lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu mi. Láti 1918 tí Jacob Ṣógboyèga Ọdúlàtẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ Alábùkún ní Abẹ́òkúta, kò sí ilé tí orí ti ń fọ́ tí wọn kò mọ ìyẹ̀fun náà, ọ̀pọ̀ sì ti rí ìtura lára rẹ̀. Àsípírìn ni ó wà nínú rẹ̀. Àsípírìn àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí oníkẹ́míìsì ń pò pọ̀ fún ẹ̀yìn ríro sì lè dá egbò sí ojú ibi tí a ti rán àpòlúkù, pàápàá lára ẹni tí a ṣe ọ̀nà àbùjá fún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bèèrè parasítámọ́ọ̀lù, kí ó sì sọ fún oníkẹ́míìsì ìdí rẹ̀. Àgbo jẹ̀dí tí a rẹ sínú ọtí, àti ọtí fúnra rẹ̀, kí ó jìnnà sí i, nítorí ọtí a máa tètè gun orí lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó mọ̀ pé ìwọ̀n tí ó ń lò ṣáájú lè ti pọ̀ jù fún un láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà já wálẹ̀ kí ó sì dákú. Ní ti ààwẹ̀, ìlú wa kún fún mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, mo sì mọ bí ó ti nira tó láti jókòó jẹun nígbà tí gbogbo ilé ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kìíní, tí omi àti oúnjẹ díẹ̀ yẹn jẹ́ ohun tí ń mú un dúró, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó dáwọ́ lé e, kí àlùfáà àti pásítọ̀ má sì ṣe fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ìsìláàmù pàápàá yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù: ibà, àyà tí ń sáré láìdúró, inú rírun tí ń le sí i, èémí tí ń há, ẹsẹ̀ kan tí ó wú. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí lè jẹ́ pé ojú ibi tí a rán ń jò, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì níbi tí kò yẹ. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lóru tàbí lọ́sàn-án. Èébì tí ó bá sì tẹ̀lé ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a má ṣe pè é ní ibà lásán, nítorí èròjà aṣaralóore kan tí a ń pè ní B1 a máa tán lára kíákíá, àìsí rẹ̀ sì lè ba ojú, ìrìn àti ìrántí ènìyàn jẹ́ láìní àtúnṣe.

Lára obìnrin, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìpín tirẹ̀. Irun orí a máa já ní oṣù kẹta sí ìkẹfà, a sì tún hù padà bí oúnjẹ bá pé. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí obìnrin tí ó rù tí irun rẹ̀ sì ń já ti di ẹni tí a ń fi ojú àrùn kògbóògùn wò, oṣù mẹ́ta yẹn lè gùn ju ọdún mẹ́ta lọ. Awọ ara a rọ̀, ikùn a ṣẹ́po, ọkàn ẹlòmíràn a sì bàjẹ́ nígbà tí kò yẹ kí ó bàjẹ́. Oyún pẹ̀lú: ara tí ó ti sanra jù tí kò jẹ́ kí obìnrin kan lóyún tẹ́lẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn lójijì bí ó ti ń fúyẹ́, àwọn dókítà sì ń sọ pé kí ó tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kí ó tó lóyún, kí ọmọ inú má baà pín ìyàn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún ìyá ọkọ tí ó ti ń retí ọmọ láti ọdún márùn-ún? Ọkọ ni. Bí ọkọ kò bá lè là á yé ìyá rẹ̀, kò tíì múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìyàwó rẹ̀.

Mo wá kan ibi tí ó ń dùn mí jù. Ní Britain, ìlànà ìjọba ni pé ilé ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí yóò máa rí aláìsàn fún ọdún méjì ó kéré tán, lẹ́yìn náà ni a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún títí ayé, nítorí pé irin, kálísíọ̀mù, fítámì D àti B12 a máa ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀ títí ayé, oògùn rẹ̀ náà sì jẹ́ ti títí ayé. Ẹni tí ó bá lọ ṣe é ní Turkey tí ó sì padà sí Ẹdúnàbọ̀n, ta ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Dókítà tí ó gé e kò mọ ojú ọ̀nà Orígbó. Bẹ́ẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti 1975 ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn ní 2002, nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ́ ohun ìyanu ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tí ó pààrọ̀ kíndìnrín mọ̀ pé oògùn wọn kò lópin, ilé ìwòsàn náà sì mọ bí a ti ń bá aláìsàn rìn láti ọdún dé ọdún. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìdín-ara-kù níbikíbi, láìbi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi ṣe é nílé, kí dókítà, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ oúnjẹ jókòó papọ̀ gbọ́ tiwọn. Owó rẹ̀ kò tó owó ìtọ́jú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ nítorí àìsí èròjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbèrò rẹ̀, kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfurufú, ẹ lọ bá dókítà kan nílé níhìn-ín, kí ó gbà pé òun yóò gba ìwé yín lọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè, òun yóò sì máa rí yín. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbà, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ṣe é tí ẹ ti padà dé, tí ẹ̀jẹ̀ yín kò tíì kan àyẹ̀wò láti ìgbà náà, ẹ gbé ìwé yín lọ sí Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.